Má tíì yin ìbọn yẹn

Ìkọ̀lé-Èkìtì

Bàbá Ìbejì mi,

Mo kí ọ o. Mo kí Ìyá Ìbejì, mo kí èjìrẹ́ ará Ìsokùn méjèèjì. Àlàáfíà ni a wà níbí. Òjò ti dá, ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti bó.

Àwòrán ìbọn Remington 870 rẹ, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fa ìdìmú rẹ̀ kí ọta tuntun tó wọlé, wọlé sórí fóònù mi lálẹ́ àná. Mo fẹ̀ ẹ́ títí mo fi ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá rẹ̀: 12 GA, 2¾ INCH. 12 ni ìwọ̀n fífẹ̀ ihò rẹ̀, ínṣì 2¾ ni gígùn kátíríìjì tó gbà. Mo rí lẹ́tà V náà ní ìparí nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá ka ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀, pé o ti ki kátíríìjì oní-ínṣì mẹ́ta bọ̀ ọ́, pé ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ku kí o gbé e lọ fi pa pẹ́pẹ́yẹ ní odò ní Sátidé, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, yọ ọ́ jáde. Má tíì yin ìbọn yẹn.

Wíwọlé tó wọlé gan-an ló dẹ́rù bà mí. Láàárọ̀ yìí, kí n tó lọ sílé ìwé, mo yà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Bàbá mi tó ní ìwé àṣẹ fún ìbọn ẹlẹ́nu méjì. Mo gba kátíríìjì tuntun kan lọ́wọ́ wọn, mo ṣa òfìfo kan nílẹ̀, mo fi rúlà wọ̀n wọ́n. Tuntun kò pé sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Òfìfo fẹ́rẹ̀ẹ́ pé méje. Irú kan náà ni o, inú páálí kan náà ni wọ́n ti jáde! Ẹnu tí wọ́n ká pọ̀ lókè bí ẹnu àpò ni ó ṣí nígbà tí wọ́n yìn ín. Gígùn tí wọ́n ń kọ sára kátíríìjì, gígùn ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá ti ṣí ni.

Tìrẹ wá ńkọ́? Oní-ínṣì mẹ́ta, tí ẹnu rẹ̀ bá ti ṣí, mílímítà 76 ni. Ihò tí ó ń jókòó sí nínú ìbọn rẹ, 70 ni. Ní kíká, yóò wọlé bí olè. Bí o bá yìn ín, ẹnu yẹn yóò fẹ́ ṣí, àyè kò ní sí. Iwájú ibẹ̀ ni ihò ìbọn ti ń fún bí ọrùn ìgò, ibẹ̀ ni ẹnu kátíríìjì yóò lọ há sí, tí ọta àti èéfín gbígbóná yóò máa fi tipátipá gba àárín rẹ̀ kọjá. Kì í ṣe pé oní-ínṣì mẹ́ta lágbára ju èkejì lọ, o. Ìwọ̀n ipá tí SAAMI, àjọ àwọn tó ń ṣe ìbọn lọ́dọ̀ yín, ní kí méjèèjì má kọjá, ọgbọọgba ni: 11,500 psi, ìyẹn ìwọ̀n póùn lórí ínṣì kan níbùú lóròó. Ibi tó há yẹn ló ń mú un fò kọjá bẹ́ẹ̀.

O rántí ọ̀pá ìbọn tó wà lára ògiri àgbẹ̀dẹ Bàbá mi? Èyí tó ya sí mẹ́ta bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ọmọdé bó dé ìdajì. Ọdẹ àdúgbò wa kan ló ni ín. Ó ki ẹ̀tù sínú ṣakabùlà rẹ̀ lálẹ́, ó gbàgbé, ó tún ki òmíràn láàárọ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló bá a lọ. Gbogbo ìgbà tí a bá ń fẹ́ ẹwìrì ni èmi àti ìwọ máa ń wo irin náà, Bàbá kò sì fi rọ ọkọ́ láéláé. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ṣé ìbọn rẹ ṣeé yí padà kí ó lè gba oní-ínṣì mẹ́ta? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ihò nìkan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni ilé iṣẹ́ Remington ti ń ṣe 870 yìí. V tó wà lára tìrẹ, ti 2¾ ni. M ni wọ́n ń tẹ̀ sára ti ínṣì mẹ́ta. Àwọn kan á ní kí o ra ọ̀pá oní-ínṣì mẹ́ta, kí o ṣáà dè é mọ́ ọn, ó parí. Kò parí. Irin kékeré kan wà nínú ìbọn náà tó ń ta òfìfo síta. Ti kátíríìjì kúkúrú ni wọ́n gbé e sí. Bó bá kan èyí tó gùn, yóò ta á kí ẹnu rẹ̀ tó dé ojú fèrèsé tí òfìfo ń gbà jáde, á há síbẹ̀, ìwọ á sì dúró sínú omi máa fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ jáde nínú kòtò. Wọ́n kan irin yẹn mọ́ ara ìbọn ni, àfi ẹni tó mọ iṣẹ́ ìbọn, tó ní irinṣẹ́ rẹ̀, ló lè pààrọ̀ rẹ̀. Owó tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ, bí o bá fi díẹ̀ lé e, ó lè ra àlòkù tó ti ní M tẹ́lẹ̀.

Mo sì mọ ohun tó ń lé ọ. Láti 1991 ni wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi òjé pa pẹ́pẹ́yẹ mọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ọta irin fúyẹ́ ju òjé lọ, ni gbogbo yín ṣe ń wá kátíríìjì tó gùn, kí ọta lè pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀pá ìbọn àtijọ́ tó fún gan-an, òjé ni wọ́n ṣe é fún. Irin kì í tẹ̀ bí òjé, ó lè ba ẹnu náà jẹ́, yálà o gbẹ́ ihò ẹ̀yìn gùn tàbí o kò gbẹ́ ẹ. Wá kátíríìjì 2¾ tí ọta rẹ̀ jẹ́ bismuth, mẹ́táàlì kan tí wọ́n ń lò dípò òjé. Ó wọ́n, mo mọ̀, àmọ́ ó rọ̀ ju irin lọ, ó wúwo jù ú lọ, òfin yín sì gbà á. Kí o kọ́kọ́ gbé ìbọn náà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kó yẹ ẹnu rẹ̀ wò ná.

Èmi tí mò ń sọ gbogbo èyí, n kò tíì gbé irú rẹ̀ lọ́wọ́ rí. Òfin ìbọn wa ti 1959 kò gba aráàlú láyè láti gba ìwé fún èyí tí ẹ̀rọ ń bá a ki ọta. Ẹlẹ́nu méjì ti ẹ̀gbọ́n Bàbá ni mo mọ̀, àti ṣakabùlà.

Mo ka lẹ́tà tí mo kọ sí ọ yìí fún Bàbá. Wọ́n gbọ́ ti ihò, wọ́n gbọ́ ti irin kékeré, wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní kí n bi ọ́ bóyá pẹ́pẹ́yẹ inú omi yẹn dùn mọ́ iyán. Fèsì ìyẹn fún wọn o, wọn kò jẹ́ kí n gbádùn.

Èmi ni,
Ọmọ Alágbẹ̀dẹ