Ẹ Fún Wa Ní Ìtàn Ìfẹ́ Tó Parí Sí Ayọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú àfaradà ọ̀wọ́n pépà.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹnìkan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yín pé àwọn ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tí àwọn obìnrin máa ń kà lásìkò ọlidé kì í ṣe ìwé rárá, pé ọ̀lẹ ló ń kà á, pé ó ń ba ọmọ jẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, inú sì bí mi. Onídìrí ni mí ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ọdún 1996 ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, láti ọdún 2002 sì ni pẹpẹ ìwé ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí mi. Àwọn tí ẹni yẹn ń pè ní ọ̀lẹ, iwájú mi ni wọ́n máa ń jókòó sí, orí wọn ló wà lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, olùkọ́ wà nínú wọn, ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí lọ ra ọjà wá tà náà wà nínú wọn.

Bí pẹpẹ náà ṣe dé ṣọ́ọ̀bù mi rèé. Ọmọ Yunifásítì kan jẹ mí lówó irun, ó parí ẹ̀kọ́, ó ń lọ sílé, kò sì rówó san. Ó wọ́ àpò Ghana-must-go kan wá, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ gba èyí." Ìwé mọ́kànlélógójì ni mo kà nínú rẹ̀, ìwé ìfẹ́ sì ni gbogbo wọn. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n kó wọn fún ìyá alákàrà iwájú wa, kó máa fi pọ́n àkàrà. Òjò ló gbà wọ́n là. Oníbàárà kankan kò yọjú lọ́jọ́ náà, mo bá fa ọ̀kan yọ kí ọwọ́ mi má baà ṣófo. Ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè, ilẹ̀ ti ṣú, mi ò sì tí ì gbé ìkòkò kaná.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń yá àwọn oníbàárà mi. Náírà mẹ́wàá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà, ó ti di ₦100 báyìí fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá ń dirun rẹ̀ lọ́wọ́ kì í san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dirun tín-ín-rín alátaṣímẹ́ǹtì lè jókòó láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Kí ni kó máa wò?

Orúkọ Mills & Boon ló wà lára bí ìdajì àwọn ìwé náà. London ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ lọ́dún 1908, Harlequin ti ilẹ̀ Kánádà sì rà á lọ́dún 1971. Lọ́dọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún, ìgbà oòrùn ni wọ́n máa ń mú irú ìwé fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ dání. Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹjọ, ẹni tó bá ń lọ sinmi létí òkun á ki ọ̀kan bọ àpò, á nà gbalaja sórí iyanrìn, á máa kà á. Àwa ò ní òkun ní Ifẹ̀. Inú òjò ni ọlidé gígùn tiwa máa ń bọ́ sí. Àgbàdo sísè lọ́wọ́ kan, ìwé lọ́wọ́ kejì, òjò ń lu páànù, bí àwọn oníbàárà mi ṣe ń kà á nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí etí mi ti gbọ́ lẹ́nu wọn.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń ṣiṣẹ́ òru. Kó tó sanwó ìwé, ojú ewé tó gbẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ ṣí. Ó ní ikú tí òun ń fojú rí lẹ́nu iṣẹ́ ti tó òun, òun fẹ́ mọ̀ dájú pé kò sẹ́ni tó máa kú nínú èyí kí òun tó jókòó tì í. Olùkọ́ kan náà wà tó máa ń fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí etí ìwé. "Irọ́ ni." "Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí!" "Kí ló tún ń dúró dè?" Àwọn tó bá yá ìwé náà lẹ́yìn rẹ̀ á dá a lóhùn nísàlẹ̀. Ìwé kan wà lórí pẹpẹ mi tí ọwọ́ ìkọ̀wé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà létí rẹ̀, tí wọ́n ń jiyàn bóyá ó yẹ kí ọmọbìnrin inú rẹ̀ dárí ji ọkùnrin náà tàbí kò yẹ. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́. Ẹni tó ń ronú ló ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ kan tí gbogbo wọn sì máa ń rò ni pé, àwọn ará ilé dà? Nínú ìwé àwọn Òyìnbó yìí, ọkùnrin pàdé obìnrin, àwọn méjèèjì nìkan ló kù láyé. Kò sí ìyá ọkọ. Kò sí àbúrò tí owó ilé ìwé rẹ̀ wà lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Owó ọkùnrin náà kò lóǹkà, a kì í sì í mọ iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an. Ní Ifẹ̀ níbí, kí ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á ti mọ agboolé rẹ̀ àti ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ ní gbèsè.

Lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù Kẹjọ, òjò ká èèyàn méje mọ́ ṣọ́ọ̀bù mi. NEPA ti mú iná lọ. Ọmọ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wà lórí àga, mo ti dirun dé àtàrí rẹ̀, òun ń kàwé tirẹ̀ lọ. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní dandan kó sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, bó ṣe ń ka Òyìnbó náà ló ń sọ ọ́ di Yorùbá. Ìyá aláta ẹ̀gbẹ́ wa, tí kò mọ̀wé, tó kàn yà fún òjò, fa àga sún mọ́ ọn.

Ó dé ibi tí ọkùnrin náà ti kúnlẹ̀, tó na òrùka sókè.

Ìyá aláta ní, "Dúró ná. Ta ló kúnlẹ̀?"

"Ọkùnrin náà ni, mà."

"Ó kúnlẹ̀ fún ta ni?"

"Fún ọmọbìnrin yẹn ni, mà."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò ní dọ̀bálẹ̀ fún wọn ni?"

Ni ilé bá dàrú. Ẹnìkan ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ẹni téèyàn máa bá gbélé ló yẹ kó bẹ̀. Òmíràn ní ọkùnrin tí kò bá dọ̀bálẹ̀ nílé bàbá ẹni, ọjọ́ tó bá ṣìwà hù, ta lèèyàn fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Mo ti gbàgbé ìyarun sínú irun ọmọ ọlọ́mọ.

Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀, wọ́n ní kó máa kà á lọ. Nínú ìwé náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ọkùnrin yẹn sọ. Ọmọ náà ní, "Ó ní, 'Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ.'" Ó dákẹ́, ó mi orí tí mo ń dì lọ́wọ́. Ó ní, "Rárá, kò dùn létí." Ó ronú díẹ̀, ó wá ní, "Ó ní, 'Ọjọ́ tí mi ò bá fojú kàn ọ́, oúnjẹ kì í gba ọ̀fun mi kọjá.'" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pariwo pé, "Ẹ̀hẹ́n!" Ìyá aláta pàtẹ́wọ́. Mo ti ka ìwé yẹn ṣáájú ọjọ́ náà, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó ohun tó ti ẹnu ọmọ náà jáde.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò tí ì ṣí àgádágodo tí ìyá aláta fi dúró tì mí. "Ìyá onídìrí, ṣé ó ti fẹ́ ẹ?" Mo jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ata rẹ̀, mo sọ gbogbo èyí tó kù fún un.

Ẹni tó kọ̀wé sí yín ní èèyàn ti máa ń mọ ìparí àwọn ìwé wọ̀nyí kó tó ṣí wọn. Òótọ́ ni. Nígbà tí ìyá wa àgbà ń pàlọ́ fún wa, ta ni kò mọ̀ pé Ìjàpá á tẹ́? Síbẹ̀, a máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un pa. Ọ̀nà tó máa gbà tẹ́ là ń dẹtí sí.

Lórí pé ó ń ba ọmọ jẹ́, mi ò ní jiyàn pé gbogbo wọn ló dára. Mo ti mú mélòó kan kúrò lórí pẹpẹ, pàápàá àwọn tó ti pẹ́ jù nínú wọn, níbi tí ọkùnrin ti máa fi ipá mú obìnrin láàárín ìwé, tí wọ́n á sì ní ìfẹ́ ló fà á nígbà tó bá yá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Mo pè wọ́n jókòó, mo ṣí ibi tó burú náà, mo sọ ìdí tí mo fi ń gbé e kúrò fún wọn. Bóyá ni mo fi máa ráyè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún wọn ká ní kò sí ìwé náà.

Ohun tó ń dùn mí gan-an ni pé tí ẹnìkan bá béèrè èyí tó jẹ́ Yorùbá, ọwọ́ mi máa ń rọ. Mo ní Ó Le Kú, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ lọ́dún 1974. Yunifásítì wa níbí ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti ṣiṣẹ́ olùkọ́, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ra ìwé náà nítorí àwọn tó bá yá a kì í dá a padà. Ó dùn, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tó ń lọ. Nọ́ọ̀sì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ó rọra dá a padà sórí pẹpẹ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ju mí lọ pé inú ìwé ìròyìn ni irú ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní èdè wa. Lọ́dún 1929, I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jáde, lẹ́tà sí olóòtú gẹ́gẹ́ bí èyí tí mo ń kọ yìí, tí obìnrin arẹwà kan fi ń ròyìn àwọn ọkùnrin tó ti fẹ́ ẹ. Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé dá a lóhùn. Lọ́dún 1930, ó di ìwé. Ṣùgbọ́n orí àìsàn àti àbámọ̀ ni Sẹ̀gilọlá wà tó ń sọ tirẹ̀. Títí di òní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé obìnrin tó bá nífẹ̀ẹ́ nínú ìwé wa, ẹkún ló ń kángun sí. Ṣé kò sí ẹni méjì tó fẹ́ra wọn nílẹ̀ Yorùbá tí ilé wọn tòrò ni? Àwọn obìnrin Kánò ti ń kọ ìwé ìfẹ́ ní èdè Hausa láti àwọn ọdún 1980, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n ń tà á lọ́jà fún obìnrin ẹgbẹ́ wọn. Kí ló ń ṣe tiwa?

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Láti ìgbà tí ilé ìwé bá ti gba ọlidé gígùn títí wọ́n á fi wọlé nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹ fún wa ní ìdajì ojú ewé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ìtàn ìfẹ́ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀, kí ọkọ má baà di ọkọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń kà á sókè fún ẹlòmíràn. Kí ọkùnrin inú rẹ̀ ní iṣẹ́ tí a mọ̀, kó jẹ́ mẹkáníìkì tàbí tíṣà. Kí ìyá ọkọ wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má kú.

Bí ẹni tó máa kọ ọ́ bá ń wá ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀, mo ní ọ̀kan fún un. Gbogbo wa la rántí ìjà Ifẹ̀ àti Mọ̀dákẹ́kẹ́ tó tún bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1997. Èmi náà ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo sá. Lọ́dún 2004, mo dirun fún ọmọ Ifẹ̀ kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó pẹ̀lú ọmọ Mọ̀dákẹ́kẹ́. Ìyá rẹ̀ àti ìyá ọkọ tẹ̀ lé e wá, àwọn méjèèjì jókòó lórí bẹ́ńṣì kan ṣoṣo, ọ̀kan kọjú síta, èkejì kọjú sí ògiri. Ṣùkú ni mò ń dì fún un. Nígbà tí mo fi máa dé ìpàkọ́ rẹ̀, wọ́n ti ń bára wọn fà á lórí iyùn tí ìyàwó máa fi sọ́rùn, ìyá ọkọ ti bọ́ ti ọrùn ara rẹ̀, ó ń wò ó lára ọmọ náà nínú dígí mi. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ti bí báyìí. Àkọ́bí wọn ti ń wá yá ìwé.

Ìyá aláta ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo sọ fún un lówùúrọ̀ yìí pé mo ń kọ̀wé sí yín, ó ní kí n bá òun béèrè ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Onídìrí,
Lágere, Ilé-Ifẹ̀.