Ọ̀nà kan, onílé méjì: ẹ jẹ́ kí ó hàn nínú sọ́fè

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí asọ̀ kan tí ó ti di ojoojúmọ́ ní àwọn àdúgbò tuntun Ìkòròdú, ìbáà ṣe ní apá Ìtamágà, ní Ìgbógbó tàbí ní ọ̀nà Ìmọ̀ta. Asọ̀ náà ni ti ọ̀nà tí onílé méjì tàbí mẹ́ta jọ ń gbà wọlé, tí olúkúlùkù ń sọ pé òun ló ni í, tí ẹnì kan sì ń gbé mọ́tò síbẹ̀ dí àwọn yòókù. Àwọn tí ń bá wa parí ìjà sábà máa ń mú un bí ọ̀rọ̀ ìwà: wọ́n á ní lágbájá kò mọ ọ̀wọ̀, tàmẹ̀dò kò ní sùúrù. Èmi kò sọ pé ìwà kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ọ̀rọ̀ ìwé ni, ọjọ́ tí wọ́n ti ta ilẹ̀ náà ni ìjà ti wà nínú rẹ̀.

Púlọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ wa sábà máa ń jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 120 ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn. Nígbà tí owó ilẹ̀ gòkè, àwọn tí agbára wọn kò ká odindi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ààbọ̀. Bí a bá là á ní gígùn, àwọn méjèèjì ni yóò kọjú sí títì, ṣùgbọ́n 30 ẹsẹ̀ bàtà péré ni ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé tí a bá kọ́ sí i kò ní ju kọ̀rídọ̀ lọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹbí onílẹ̀ a máa là á láàárín, 60 sí 60, kí ẹnì kan wà níwájú, kí ẹnì kejì wà lẹ́yìn. Ẹni ẹ̀yìn kò ní ojú títì, ó di dandan kí ó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ ẹni iwájú kọjá. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń tà á, ẹni tí ń bá ẹbí tà á yóò na ọwọ́, yóò ní, “Ẹ̀gbẹ́ ibí yìí lẹ ó máa gbà, ẹsẹ̀ mẹ́wàá ni,” gbogbo wọn á sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí sọ́fè, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà, bá jáde, ẹ wò ó dáadáa. Ìlà pupa yí ilẹ̀ ká, nọ́ńbà òpó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́wàá kò sí. Nígbà mìíràn ó wà nínú sọ́fè ẹni ẹ̀yìn, kò sí nínú ti ẹni iwájú. Èyí tí ó burú jù ni kí ó wà nínú ti àwọn méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ara ilẹ̀ olúkúlùkù, tí àwọn méjèèjì sì sanwó fún un.

Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹni tí ó ní mọ́tò, kò sí wàhálà. Ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń rìn wọlé, ọ̀kadà ni ó ń gbé ẹni tí ó bá pẹ́. Ìgbà tí mọ́tò dé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọ̀nà kan tí mo mọ̀ ní Ìgbógbó, onílé iwájú kò tilẹ̀ ní mọ́tò, àwọn ayálégbé rẹ̀ ni wọ́n ń tò ó sílẹ̀ lálẹ́, imú mọ́tò ọ̀kan lẹ́yìn ìdí èkejì, títí dé ẹnu géètì ẹni ẹ̀yìn. Ní ìdájí, ìyàwó ẹni ẹ̀yìn yóò máa kan fèrèsé kiri: “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sún un síwájú díẹ̀, àwọn ọmọ ń lọ sí ilé ìwé.” Ọkọ rẹ̀ wá mú táyà tí kò wúlò mọ́, ó da kọ́ǹkéré sínú rẹ̀, ó ri irin sí àárín, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì kí ẹnikẹ́ni má baà páàkì síbẹ̀. Ni onílé iwájú bá bínú jáde pé ta ló gbé táyà sórí ilẹ̀ òun. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ omi kò lè wọlé mọ́, nítorí pé táyà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, yanrìn tí onílé iwájú ní kí típà dà sílẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn méjèèjì ní rìsíìtì ẹbí, wọ́n ní sọ́fè, olúkúlùkù sì ń nà án sí ojú ẹni tí ó bá wá bá wọn sọ̀rọ̀.

Ilé iwájú ni èmi fúnra mi ń gbé ní àdúgbò tiwa, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé mo ń gbè sẹ́yìn ará ẹ̀yìn. Ohun tí àwa tí a wà níwájú kò fẹ́ gbọ́ ni pé níní ilẹ̀ yàtọ̀ sí dídí ọ̀nà. Lábẹ́ òfin, ilẹ̀ lè jẹ́ tèmi, kí ẹlòmíràn sì ní ẹ̀tọ́ láti gba orí rẹ̀ kọjá, n kò sì gbọ́dọ̀ mọ ògiri tàbí gbé mọ́tò dí i. Bí ẹni tí ó pín ilẹ̀ bá pín in débi pé apá kan kò ní ibòmíràn tí yóò gbà jáde, ilé ẹjọ́ lè sọ pé ẹ̀tọ́ ìkọjá bá ilẹ̀ náà rìn bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí àwọn ará ẹ̀yìn náà kò sì fẹ́ gbọ́ ni pé ẹ̀tọ́ láti kọjá kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti páàkì. Ẹ lè dúró já ẹrù, kí ẹ sì máa lọ. Ẹ kò lè sọ ọ̀nà di gáréèjì mọ́jú, àyàfi bí àdéhùn bá sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ rántí pé ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 12 ni òfin fún ẹni tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ padà nílé ẹjọ́. Ẹni tí ó ń wo fẹ́ńsì tí wọ́n mọ sórí ilẹ̀ rẹ̀, tí ó ń sọ pé Ọlọ́run yóò dá a, kí ó máa ka ọdún.

Àwọn kan ti gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni láti dá ìjà dúró, kì í ṣe láti sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Kóòtù lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀, àwọn baba wa sì ti sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Fún ẹni tí yóò ṣì máa bá ẹnì kejì gba ẹnu ọ̀nà kan náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ilé ìlàjà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1999, èyí tí wọ́n ń pè ní Citizens’ Mediation Centre, sàn jù. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ṣe jẹ́ pé àwọn tí ó mọ ọ̀nà lọ́yà nílé lóko kò mọ̀ pé ó wà.

Síbẹ̀, ìlàjà náà, lẹ́yìn ìjà ni. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí àwọn onílé tí wọ́n jọ ń lo ọ̀nà kọ àdéhùn nísinsìnyí tí wọ́n ṣì ń kí ara wọn. Ojú ìwé kan tó: bí ọ̀nà náà ṣe fẹ̀ tó, ta ni yóò tún un ṣe bí òjò bá wọ́ ọ, ta ni kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ rẹ̀, níbo ni àwọn ayálégbé yóò máa gbé mọ́tò sí, kí ni a ó ṣe lọ́jọ́ ìnáwó tí àlejò pọ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jọ sanwó fún awọnlẹ̀ kan ṣoṣo kí ọ̀nà náà lè hàn bákan náà nínú sọ́fè àwọn méjèèjì.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbàlagbà kan yóò ní ìwé kíkọ láàárín aládùúgbò dà bí àìfọkàntánni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá wa, kì í ṣe ẹ̀yin ni a kò fọkàn tán. Ilé yóò di ti àwọn ọmọ yín lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ náà wà ní Kánádà, wọ́n á ní kí agẹ́ńtì bá wọn tà á. Agẹ́ńtì tí ń wá ìdá tirẹ̀ nínú owó ilé kò ní sọ fún ẹni tí ń rà á pé ẹsẹ̀ mẹ́wàá nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ó lè mọ ògiri sí, ẹni tí ó rà á kò sì ní mọ àdéhùn tí ẹ fẹnu ṣe lábẹ́ igi máńgòrò.

Ẹgbẹ́ onílé ló lè mú kí èyí ṣeé ṣe. Kò sí ẹni tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní àdúgbò wa tí wọn kì í lọ bá kí ó tó da kọ́ǹkéré, owó ìdàgbàsókè ni wọ́n sì máa ń béèrè. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè sọ́fè. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì, kí wọ́n pe onílé ẹ̀yìn àti ti iwájú, kí wọ́n tẹ́ sọ́fè méjèèjì sílẹ̀ lórí tábìlì, bí ọ̀nà kò bá sì bára mu nínú wọn, kí wọ́n má gba owó náà títí yóò fi bára mu.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onílé kan ní Ìtamágà, Ìkòròdú