Ẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn níṣẹ́ tó dúró

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí ọ̀rọ̀ ìwádìí ìṣègùn bá délẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, orúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n la máa ń gbọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí a kì í gbọ́ orúkọ wọn ni mo torí wọn kọ lẹ́tà yìí: àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, àwọn tó ń kọ fọ́ọ̀mù, àwọn tó ń ka síláìdì, ìyẹn gíláàsì pẹlẹbẹ tí a kán ẹ̀jẹ̀ sí, àwọn tó ń ṣọ́ fíríísà lóru nígbà tí iná bá lọ. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, òṣìṣẹ́ láàbù sì ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn oníwàdìí ibà ṣiṣẹ́ ní àwọn abúlé etí ọ̀sà níbí. Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba ṣe kò le: kí wọ́n gba àwọn èèyàn yìí síṣẹ́ olówó oṣù, kí iṣẹ́ wọn má máa parí lọ́jọ́ tí owó pírójẹ́ẹ̀tì bá tán.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀rọ ló ń ka kòkòrò ibà. Ojú èèyàn ni. Tí mo bá gún ọmọ níka, màá kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, màá wá fi igun gíláàsì mìíràn yí i roboto títí yóò fi fẹ̀ tó èékánná. Fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbẹ, a ò gbọ́dọ̀ yá a níná, a ò sì gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára rẹ̀, torí eṣinṣin àti èèrà á jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà la ó rẹ ẹ́ sínú aró Giemsa, tí kòkòrò yóò fi yọ lábẹ́ maikirosikóòpù. Kí a tó kọ iye wọn sílẹ̀, a ó máa ka kòkòrò, a ó máa ka sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, títí sẹ́ẹ̀lì funfun yóò fi pé 200. Bí kòkòrò ò bá pọ̀, a ó kà á dé 500. Kí a tó lè sọ pé kò sí kòkòrò rárá, ó kéré tán a ti gbọ́dọ̀ sún síláìdì náà wo ojú ibi 100. Èèyàn méjì ló ń ka síláìdì kan, ẹnìkíní kò sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹnìkejì kọ. Bí iye wọn bá jìnnà síra, a ó pe ẹnìkẹta. Èérí aró máa ń jọ kòkòrò gan-an, ojú tí kò tíì mọ iṣẹ́ á kà á mọ́ ọn. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ọmọbìnrin kan wà tí a jọ ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ mú ju ti gbogbo wa lọ. Tí èmi àti ẹlòmíràn bá ti jiyàn lórí síláìdì, òun la máa ń pè. Kọ́ńtíráàtì oṣù díẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń fún un, ti ilẹ̀ òkèèrè sì ni owó náà. Nígbà tí owó tán, wọ́n ní kó máa lọ sílé títí òmíràn yóò fi dé. Òmíràn ò dé. Ó ti wà ní Ìlú Ọba báyìí, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Iṣẹ́ iyì ni, mi ò sì bá a wí, ó ní ọmọ tó ń tọ́. Ṣùgbọ́n a ò rí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ọkùnrin tó ń kọ fọ́ọ̀mù fún wa, tó mọ baálé gbogbo abúlé tí a ń dé, tó mọ bí a ṣe ń bẹ ìyá ọmọ kí ó gbà kí a gún ọmọ rẹ̀ níka, POS ló ń ṣe báyìí ní ìtòsí ọjà ẹja Olúwo.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn ará abúlé. Ìyá àgbà kan lápá Ejìnrìn, ẹni tó gbà wá sílé rẹ̀, tó mú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde fún wa, bá mi pàdé lọ́jà, ó ní, “Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ gbà lára wọn ńkọ́? Kí ló sọ?” Mo ní, “Màmá, ẹ má bínú, wọn ò tíì mú èsì padà wá.” Owó tó yẹ kí wọ́n fi padà lọ ṣàlàyé fún abúlé ti tán kí àkókò rẹ̀ tó tó. Bí a bá tún lọ síbẹ̀, ẹnu wo ni màá fi bẹ̀ ẹ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé nígbà tí oògùn gan-an ò tó nílé ìwòsàn, kí la fẹ́ fi ìwádìí ṣe. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń gbójú fò. Ṣùgbọ́n ẹ wo oògùn ibà tí à ń pè ní ACT, tí gbogbo wa ń rà ní kẹ́míìsì. Kòkòrò ibà tí ọwọ́ oògùn yìí kò tètè ká mọ́ ti wà ní Rùwáńdà, Ùgáńdà àti Tànsáníà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti kéde rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Wọ́n fún ọmọ ní oògùn, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, wọ́n wò ó bóyá kòkòrò ṣì wà níbẹ̀. Síláìdì ni. Bí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ bá dé Ẹ̀pẹ́, tí kò sì sí ẹni tí yóò ka síláìdì ọjọ́ kẹta, àwọn ìyá á kàn máa ra oògùn tí kò ṣiṣẹ́ ni.

Nínú ẹni mẹ́rin tí ibà ń mú lágbàáyé, nǹkan bí ẹnì kan jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Nínú ẹni mẹ́wàá tí ibà ń pa, nǹkan bí mẹ́ta jẹ́ tiwa. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà méjì ló wà báyìí. Wọ́n dán RTS,S wò ní ìpele ìkẹyìn láàrin 2009 sí 2014 ní orílẹ̀-èdè méje: Burkina Faso, Gàbọ́ọ̀nù, Gánà, Kẹ́ńyà, Màláwì, Mòsáńbíìkì àti Tànsáníà. Wọ́n dán R21 wò ní mẹ́rin: Burkina Faso, Kẹ́ńyà, Málì àti Tànsáníà. Nàìjíríà kò sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì. NAFDAC fọwọ́ sí R21 ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ọdún 2024 ló sì ń parí lọ kí ó tó dé ara àwọn ọmọ wa ní ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa. Àwọn ọmọ ilẹ̀ mìíràn ló ti bá wa dán an wò. Lójú tèmi, irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ibi tí òṣìṣẹ́ ti wà nílẹ̀ ló ń lọ, ibi tí wọ́n ti ka àwọn ará ìlú, tí fíríísà wọn kì í kú.

Kilifi ní Kẹ́ńyà jẹ́ ìlú etí omi bíi tiwa. Láti ọdún 1989 ni ibùdó ìwádìí ti wà níbẹ̀ lábẹ́ KEMRI, iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ìjọba Kẹ́ńyà. Wọ́n mọ ibi tí ó lé ní 200,000 èèyàn ń gbé, wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n bí ọmọ àti ìgbà tí èèyàn kú, ọmọ ìlú náà ló sì ń lọ láti ilé dé ilé kà wọ́n. Òtítọ́ ni pé owó Ìlú Ọba pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 1979 ni wọ́n dá KEMRI sílẹ̀. Ti wa, NIMR tó wà ní Yábà, ti wà láti 1977. A kò pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní Garki, ní ilẹ̀ Kánò ìgbà yẹn, láàrin 1969 sí 1976, ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ibà tí gbogbo ayé ń kọ́ lára rẹ̀ títí dòní.

Nítòsí wa níbí, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kan Òṣóṣà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde. Àìsàn kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ á máa jó èèyàn bí iná, ẹsẹ̀ náà á wá kú tí kò ní mọ ìfọwọ́kàn mọ́, tí ìrìn á di títa gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ojú á di bàìbàì, tí etí á sì di. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun láti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí rẹ̀ káàkiri abúlé ní àwọn ọdún 1960, wọ́n sì fura sí gààrí, torí májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa. Nígbà tí àwọn oníwàdìí mìíràn padà sí Òṣóṣà, tí wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde lọ́dún 2000, ìdá 6 nínú 100 àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní àìsàn náà. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún! Gààrí ni ilé gbogbo ń jẹ níbí, Ìjẹ̀bú ni wá. Ká ní ẹnì kan wà nítòsí tí owó oṣù rẹ̀ dá lórí kí ó máa yẹ ẹsẹ̀ àwọn ìyá wa wò lọ́dọọdún, a kì bá ti dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí a tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé.

Owó ńkọ́? Ní Bamako lọ́dún 2008, ìpàdé àwọn mínísítà lórí ìwádìí ìlera ní kí ìjọba kọ̀ọ̀kan máa ya ó kéré tán ìdá 2 nínú 100 owó iléeṣẹ́ ètò ìlera sọ́tọ̀ fún ìwádìí. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró ní oṣù kìíní ọdún 2025, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa fi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún owó ìlera ọdún náà. Mo kí wọn fún un tọkàntọkàn. Owó TETFund, àjọ ìjọba tó ń fowó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, náà ń dé ọwọ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ owó pírójẹ́ẹ̀tì nìyẹn ṣì jẹ́. Tó bá parí, ẹni tó ń ka síláìdì á tún padà sílé.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ibùdó kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́, òmíràn ní Badagry, tí NIMR àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó á jọ máa bójú tó. Kí wọ́n fi ọmọ ìlú síbẹ̀, kí wọ́n fún wọn ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì bíi ti olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì, kí wọ́n sì ya owó tí a ó fi mú èsì padà fún abúlé sọ́tọ̀ kí a tó gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́. Kí aṣojú wa ní Àbújá àti ti Ìkẹjà béèrè, bí àbá ìṣúná bá tún dé iwájú wọn, pé òṣìṣẹ́ ìwádìí mélòó ló wà nínú ìwé owó oṣù, yàtọ̀ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ tí wọn kò tíì kúrò ní Ẹ̀pẹ́ ṣì wà, mo mọ ilé wọn, wọ́n á sì wá bí wọ́n bá pè wọ́n lọ́la.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ láàbù kan,
Pópó-Ọba, Ẹ̀pẹ́.