Ẹ Mọ Ojú Ibi Tí Nǹkan Wà Kí Ẹ Tó Gbẹ́lẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ó ń dùn wá bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀rọ awárin (ẹ̀rọ tó máa ń dún bí irin tàbí owó ẹyọ bá wà nínú ilẹ̀) ní Òṣogbo ṣe ń gbẹ́ kòtò ńlá nítorí owó ẹyọ kan ṣoṣo. Gbàrà tí ẹ̀rọ bá dún ni wọ́n ti ń gbé ọkọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mi àwo ẹ̀rọ náà, ìyẹn orí pẹrẹsẹ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, kí ẹ sì fa ìlà síbi tó ti dún jù. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kí ẹ tún un ṣe ní ìbú. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni kí ẹ gbẹ́. Tó bá jẹ́ àwo DD (èyí tí wáyà inú rẹ̀ rí bíi lẹ́tà D méjì) ni, ẹ máa fà á sẹ́yìn bí ẹ ṣe ń mì ín. Níbi tí ìró bá ti dákẹ́, iwájú imú àwo gan-an ni nǹkan náà wà. Bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, bóyá nǹkan náà kò jìn nínú ilẹ̀: ẹ gbé àwo sókè díẹ̀. Ìṣó gígùn àti owó tó fi etí dúró náà máa ń dún bẹ́ẹ̀.

Yangí ilẹ̀ wa ló ń dààmú ẹ̀rọ jù, torí irin inú rẹ̀. Níbi tí kò sí nǹkan kan, ẹ máa gbé àwo sókè sódò, kí ẹ máa yí ètò ẹ̀rọ tó wà fún irú ilẹ̀ títí ìró rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Bó bá ṣì ń pariwo, ẹ dín agbára rẹ̀ kù.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e wọ Igbó Ọ̀ṣun o. Láti 2005 ni UNESCO ti kà á mọ́ ogún àgbáyé.

Àwa òǹkàwé yín,
Òṣogbo