Lẹ́tà sí ẹni tó ń ta síìmù l'Ókèyínmi

Ọ̀gá mi onísíìmù,

Ẹ kú ọjà o. Èmi ni mo wá ra síìmù lábẹ́ agbòjò yín l'Ókèyínmi, l'Adó-Èkìtì níbí, tí ẹ fa páálí kan yọ lábẹ́ tábìlì, tí ẹ ní àwọn tinú rẹ̀ kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí 7 mẹ́fà tò tẹ̀lé ara wọn. Nígbà tí mo gbọ́ iye tí ẹ pè é, mo rọra dá a padà, mo ra ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé nọ́ńbà tó ń tún ara rẹ̀ pè ló rẹwà jù?

Ẹ wo èyí: 3816547290.

Láti 0 dé 9 ló pé síbẹ̀, kò sí èyí tó wá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mú kalikulétọ̀ inú fóònù yín. Ẹ fi 2 pín 38, ẹ ó rí 19. Ẹ fi 3 pín 381: 127. Ẹ fi 4 pín 3816: 954. Ẹ máa fà á gùn bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi fi 10 pín gbogbo rẹ̀. Kò ní ṣẹ́kù rárá. Ọ̀nà 3,265,920 la lè gbà to mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láìfi òdo síwájú. Òun nìkan ló ṣe báyìí.

Kò gba kéèyàn máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan o. Ohun tí 10 bá pín, òdo ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ni pé ipò kẹwàá ti ní ẹni tó ni ín. Ohun tí 5 bá pín, 0 tàbí 5 ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀. 0 ti rí ilé, ni 5 bá gba ipò karùn-ún. Ohun tí 2, 4, 6 tàbí 8 bá pín, 0, 2, 4, 6 tàbí 8 ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀, ni ipò kejì, ìkẹrin, ìkẹfà àti ìkẹjọ bá di ti 2, 4, 6 àti 8. (9 ò tilẹ̀ ṣe wàhálà kankan: 1 dé 9, tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀, 45 ni, bó ti wù kí ẹ tò wọ́n, tí 9 bá sì ti pín àròpọ̀ wọn, ó pín nọ́ńbà náà.) Ẹ wá fi 3, 4 àti 8 sẹ́ ìyókù, mẹ́wàá péré ló máa kù.

Ọwọ́ 7 ni wàhálà wà. Kò ní ọ̀nà àbùjá bíi ti 5, àfi kéèyàn pín in tán. 1896543270 gba ti gbogbo àwọn tó kù, ó dé ọ̀dọ̀ 7, 1896543 ṣẹ́ 5 kù. Mẹ́sàn-án ni 7 lé padà bẹ́ẹ̀, bí ìyá àgbà tí kò rí ọkọ tó wù ú fún ọmọ rẹ̀. 3816547 nìkan ló gbà wọlé: 545221 géérégé.

Ẹ ò lè rí i tà ṣá. 07, 08 tàbí 09 ni nọ́ńbà fóònù alágbèéká wa fi ń bẹ̀rẹ̀, 03 sì ni tirẹ̀ ì bá jẹ́.

Tí ọjà bá rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ bá mi fi 8 pín 38165472, kí ẹ tẹ ohun tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.