Máàkì kì í ṣe ìdájọ́ ikú

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ìròyìn yín lórí rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ọpọlọ. Èmi ò fara mọ́ ọn pé kí dókítà torí máàkì ICH (òǹkà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ewu ikú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ṣe pọ̀ tó) sọ fún ẹbí pé ó ti parí. Òdo sí 6 ni máàkì ọ̀hún, bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ti pé ọgọ́rin ọdún ti gba ọ̀kan nítorí ọjọ́ orí nìkan (bàbá tó ṣì ń dáko ńkọ́?), bí ẹ̀jẹ̀ tó dà bá tó 30 mílílítà, ó di méjì. Bí wọ́n bá wá tìtorí bẹ́ẹ̀ dẹwọ́ ìtọ́jú, tí aláìsàn kú, wọn á ní máàkì sọ òótọ́! Ìlànà American Heart Association (ẹgbẹ́ tó ń rí sí àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ní Amẹ́ríkà) ti 2015 pàápàá dámọ̀ràn ìtọ́jú gidi, ó kéré tán títí ọjọ́ kejì yóò fi pé, kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má jí i padà bí ọkàn rẹ̀ bá dúró.

Nọ́ọ̀sì kan,
Òṣogbo.