Ìwé Ẹ̀bẹ̀: Ẹ Má Torí Ààbò Kó Gbogbo Àwòrán Ilẹ̀ Pamọ́

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

A kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa ẹgbẹ́ awọnlẹ̀ àti ayàwòrán ilẹ̀ ní Àkúrẹ́ la ní ẹ̀bẹ̀ kan. Wọ́n ti ní ká má fojú kan àwòrán ilẹ̀ kankan mọ́ ní ọ́fíìsì yín, nítorí ààbò.

A ò fi ọ̀rọ̀ ààbò ṣeré. Ìkọlù tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, 2022, kò tíì kúrò lọ́kàn wa. Àwòrán náà sì lè tú àṣírí: ní 2018, àwòrán tí Strava, ilé-iṣẹ́ áàpù eré ìdárayá, fi ipasẹ̀ àwọn tó ń sáré ìdárayá yà ló tú àgọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà síta ní Síríà. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò pọ̀. Ní 2004, àwọn olùwádìí RAND, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, yẹ àkójọ àwòrán àti ìsọfúnni ilẹ̀ 629 wò lára ti ìjọba Amẹ́ríkà. Èyí tó lè wúlò fún ọ̀tá kò tó 6 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí ọ̀kankan tí ọ̀tá kò lè ṣe láìní.

Ẹ wo odò Àlà. Ẹni tó bá dúró lórí afárá ń wò ó. Fóònù pàápàá á fi hàn án lọ́fẹ̀ẹ́. Ta wá ni a ń fi í pamọ́ fún, bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí omi lè yà dé kó tó kọ́lé?

Ìyá aláṣọ kan mú ìwé ilẹ̀ wá bá ọ̀kan nínú wa. Nọ́ńbà òpó ààlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lára rẹ̀ kedere. Ó ku ká gbé e lé àwòrán ńlá ti ọ́fíìsì, ká mọ̀ bóyá ilẹ̀ ìjọba ni. Wọ́n ní kò sí àyè. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ sì ń pè é léraléra pé ẹlòmíràn ti gbówó dé. Màmá sanwó. (Àwọn tó ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta, inú wọn á máa dùn sí àṣẹ yìí o.)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwa, ọlọ́pàá àti Amọ̀tẹ́kùn jókòó, ká yẹ àwòrán wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé ó lè ran oníṣẹ́ ibi lọ́wọ́, ṣé ibí nìkan ló ti lè rí i, kí sì ni ará ìlú máa pàdánù? Àwòrán inú àgọ́ ọlọ́pàá àti ti ibùba Amọ̀tẹ́kùn nínú igbó, ẹ tì wọ́n pa. Ti ààlà, títì, odò àti ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, ẹ ṣí wọn sílẹ̀. Èyí tí ẹ bá sì tì, ẹ kọ ìdí rẹ̀ àti ọjọ́ tí a óò tún un yẹ̀ wò sára rẹ̀. Kí ìjókòó náà tó wáyé, ẹ fún wa ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ láti máa wo àwòrán lójú òṣìṣẹ́ yín.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.